Ẹ̀rọ àwo orin alápótí: orin ń fà bí ẹni tó ń tòògbé, iná sì ń ta mí lọ́wọ́

Àpótí-Orin

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Àbúrò ìyá mi kan ló fún mi ní ẹ̀rọ àwo orin alápótí, irú èyí téèyàn lè pa dé kó sì fà lọ́wọ́ bí ẹni ń rìnrìn àjò. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ti fìgbà kan rí jẹ́ funfun. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á nígbà tí wọ́n ń kàwé lọ́hùn-ún. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n lò ó díẹ̀, wọ́n jù ú sórí àjà lábẹ́ òrùlé, ó sì lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn án mọ́.

Nígbà tí mo ṣí i, òórùn róbà tó ti kú ló kọ́kọ́ kí mi. Mo yọ ìtẹ́ àwo (irin róbótó tí à ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lé, bí mo ṣe ń pè é nìyẹn). Gíríìsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dì bí oje igi. Ọtí sípíríìtì àti òwú ni mo fi nù ún, ó sì gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko. Mo kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí ibi tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ti ń yí, ẹ̀kán méjì péré. Mo tún nu táyà róbà kékeré tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìtẹ́ àwo, èyí tó ń mú ìtẹ́ náà yí. Ipò ìyára mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà ní: 16, 33, 45 àti 78, ìyẹn iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Mo fi púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná pẹ̀lú tiransifọ́mà kékeré tó ń sọ 230 fóòtì (volt) iná ògiri di 110. Ó yí! Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wọlé. Àmọ́ ayọ̀ yẹn kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe.

Orin ń fà. Obìnrin tó ń kọrin di ọkùnrin, ọkùnrin di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Bákan náà ni ní 33, ní 45, ní 78.

Ó tún ń dún gbì… gbì… gbì lábẹ́ orin, kì í sì í sinmi.

Ohùn rẹ̀ kéré. Bí mo bá yí bọ́tìnnì ohùn dé òpin, àfi bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń kọrin.

Èyí tó kẹ́yìn: bí mo bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì, tí mo fọwọ́ kan irin apá rẹ̀ (apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání), iná ń ta mí fín-ín. Kò le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára.

Mo ti ra táyà róbà tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró dè é. Mo fi sí i, kò sí ìyàtọ̀ kankan: ó ń fà, ó sì ń dún gbì. Ẹ́ńjìnnì ló kàn báyìí tí mo fẹ́ pààrọ̀. Kí n tó tún da owó mìíràn sómi, ẹ bá mi dá sí i.

Ọ̀dọ́-Ẹlẹ́rọ

Bọ̀ọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ wá epo inú agolo, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ilẹ̀kùn tó bá ń dún, ẹ fọ́n ọn sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì yẹn dáadáa, yóò gbéra. Bí kò bá gbéra, ẹ gbé e sí 45 kí ẹ máa fi àwo 33 sí i. Ṣebí ó ń fà ni? Á ṣe déédéé. Ti iná yẹn, ẹ wọ bàtà.

Bàbá Abẹ́rẹ́

Àpótí-Orin, ọmọ mi, kó o tó ka èyí tó kù, dìde kó o lọ yọ púlọ́ọ̀gì náà lára ògiri. Mo ní kó o yọ ọ́, n kò ní kó o pa súìṣì. Mo dúró.

O ti yọ ọ́? Ó dáa.

Ọ̀dọ́-Ẹlẹ́rọ, mo fẹ́ràn ìtara rẹ, ṣùgbọ́n bàtà kì í ṣe àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alápótí onífáàfù (èyí tó ń fi gílóòbù gíláàsì gbé ohùn sókè) tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn kò ní tiransifọ́mà nínú. Kó lè fúyẹ́, kí owó rẹ̀ sì lè wálẹ̀, wọ́n so ọ̀kan nínú wáyà méjì tó ti ògiri wá mọ́ irin inú ẹ̀rọ tààrà. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó dọ́gba, kò sí ohun tó ní kó o má kì í sódì. Tì í bọ ògiri báyìí, irin náà dákẹ́. Yí i padà, irin náà di iná. Fín-ín tó ń ta ọ́ yìí lè jẹ́ pé kàpásítọ̀ ogbó kan (ohun kékeré tó ń di iná mú fúngbà díẹ̀) ló ń jò. Lọ́jọ́ tí kàpásítọ̀ yẹn bá bẹ́, kò ní jẹ́ fín-ín mọ́.

Má sì gbójú lé tiransifọ́mà kékeré rẹ. Ọ̀pọ̀ irú wọn, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n wé sínú rẹ̀, tí wọ́n fa ẹ̀ka jáde láàárín. Fóòtì dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀ tààrà. Èyí tó o nílò ni tiransifọ́mà 1 sí 1, èyí tí wáyà ìwọlé àti ti ìjáde rẹ̀ kò fara kan ara wọn rárá. Òun ni kó kọ́kọ́ wà lára ògiri, kí tìrẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé tìrẹ. Títí tó o fi máa rí i, má tan ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tó o bá sì fẹ́ ṣí abẹ́ rẹ̀, fi mítà wo kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ná, torí ó lè di iná mú lẹ́yìn tó o ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Epo agolo ńkọ́? Ó ń gbẹ kíá, ohun tó ń fi sílẹ̀ a máa lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Bó bá ta sára róbà, róbà á máa yọ̀ bí ilá. Epo ìránṣọ ẹ̀kán méjì tó o kán sí i yẹn dára, má fi kún un.

Nípa orin tó ń fà, n kò tíì fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kó o má bàa lọ ka iye tó máa wù mí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kó o ṣe. Dojú àpótí náà délẹ̀, kó o ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ fún wa, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ pépà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí ìtẹ́ àwo, gbé e sí 33, jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú 10 kí ara rẹ̀ lè gbóná, kó o wá fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú 3. Ẹ̀ẹ̀melòó ni pépà náà gba iwájú rẹ kọjá? Àwo tí à ń pè ní 33 yìí, 33 àti ìdámẹ́ta ni lóòótọ́, nítorí náà ìṣẹ́jú 3 gbọ́dọ̀ mú 100 wá géérégé. Kà á nígbà tí kò sí àwo lórí rẹ̀, kó o tún kà á nígbà tí àwo àti abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta: gbì yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń dún nígbà tí pépà bá yí ẹ̀ẹ̀kan?

Àpótí-Orin

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo yọ púlọ́ọ̀gì kí n tó parí ìlà kejì, ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Mo yá tiransifọ́mà 1 sí 1 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó wúwo bí òkúta, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi sí i, iná kò ta mí mọ́.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: «117 VOLTS, 60 CYCLES, A.C. ONLY», nọ́ńbà kan sì wà níbẹ̀ tó ti parẹ́ díẹ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta láìsí àwo: 83, 83, 82. Ti 82 yẹn, ọmọ mi ló ń bèèrè bírò lọ́wọ́ mi, ó ṣeé ṣe kí n ti fo ọ̀kan. Pẹ̀lú àwo àti abẹ́rẹ́: 83.

Gbì ń dún ẹ̀ẹ̀kan péré fún yíyí kan. Bí pépà bá ti dé apá òsì báyìí, gbì.

Mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kan: lẹ́yìn ojú kan àwo, ẹ́ńjìnnì náà gbóná débi pé n kò lè gbé ìka lé e.

Bàbá Abẹ́rẹ́

Ẹ́ńjìnnì rẹ kò ṣàìsàn. Má pààrọ̀ nǹkan kan.

Bí róbà bá ń yọ̀ ni, iye tó o máa kà nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lórí àwo yóò kéré sí ti ìgbà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, torí ẹrù á máa fà á sẹ́yìn. Tìrẹ kò yí padà, 83 ni lọ́nà méjèèjì. Ohun tó ń mú un fà dúró sójú kan. Wàyí o, pín 100 sí ọ̀nà 6, kó o mú 5 nínú rẹ̀. 83 àti díẹ̀. Ibi tí 5 àti 6 yìí ti wá ni «60 cycles» tó o kọ yẹn.

Iná ògiri kì í lọ tààrà, ó ń lọ ó ń bọ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ 50 ní Yúróòpù àti níbi tó pọ̀ láyé. Ẹ́ńjìnnì inú àpótí rẹ kò mọ̀ ju kó máa tẹ̀ lé lílọ bíbọ̀ yẹn. Bí iná bá jó 60, ó jó 60. Bí iná bá jó 50, ó jó 50. Tiransifọ́mà tó o rà dín fóòtì kù, kò fọwọ́ kan 50 náà. Òun ló fà á tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná pẹ̀lú: 117 fóòtì tí wọ́n ṣe é fún ní 60 Hz (ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ti pọ̀ jù fún un ní 50 Hz. Nǹkan bí 97 ni ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ojú kò tì mí láti sọ ọ́: èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo tú irú ẹ́ńjìnnì yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo pààrọ̀ búúṣì rẹ̀ méjèèjì, mo tún bá ẹni tó ta epo fún mi jà. Ọ̀gá kan ló yọjú sí mi lẹ́nu iṣẹ́, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn 45 yẹn kò lè ṣiṣẹ́. 45 rẹ ti di 37 àti ààbọ̀. Bó o bá fi àwo 33 sí i, kò ní fà mọ́, yóò máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. 78 náà ti di 65. Kò sí ipò kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá àwo kankan mu.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni kí orí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì sanra sí i, níbi tó ti ń fara kan táyà róbà. Wàá rí i pé ó ní ìpele bí àtẹ̀gùn, ìpele kan fún ipò kọ̀ọ̀kan. Ìpele tó bá jẹ́ mílímítà 5 gbọ́dọ̀ di 6, ìyẹn ni pé ohun tí wàá wọ̀ fún un kò gbọdọ̀ nípọn ju ìdajì mílímítà lọ yí ká. Àwọn kan ń lo róbà tí wọ́n ń wọ̀ fún wáyà, èyí tó ń sún kì bí ooru bá kàn án. Mo ti lò ó. Mo ka 97, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i, mo ka 102, odindi ọjọ́ kan ló bá a lọ. Bó bá sì fi díẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn á máa mì bíi ti ẹni tó ń sunkún. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin lè gbẹ́ tuntun tó péye. (Àwọn ará Japan mọ ọ̀ràn yìí dáadáa: 50 Hz ni ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn ń lò, ìwọ̀-oòrùn ń lo 60. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ àwo tiwọn kan fi ń ní orí ọ̀pá oríṣi méjì, kí ẹni tó rà á yan tirẹ̀.)

Èkejì ni èmi fẹ́ràn: ínfátà kékeré tó ń mú 120 fóòtì, 60 Hz jáde látinú bátìrì 12 fóòtì. Ẹ̀rọ rẹ kì í jẹ iná púpọ̀. Rí i dájú pé «pure sine wave» (iná tó ń lọ tó ń bọ̀ geere bíi ti ògiri) ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kùn bí oyin. Má yọ tiransifọ́mà 1 sí 1 kúrò, jẹ́ kó wà láàárín ínfátà àti ẹ̀rọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ ti 230 fóòtì ni, 120 gba inú rẹ̀ kọjá láìsí wàhálà, 120 náà ni yóò sì jáde. Tiransifọ́mà kékeré tìrẹ ló kúrò níbẹ̀.

Ó ku gbì. Ẹ̀ẹ̀kan fún yíyí kan, ìyẹn kì í ṣe táyà. Táyà kéré, ó ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ìtẹ́ tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ òun ni, gbì á máa dà gìrìgìrì. Ara ìtẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Yọ ọ́, kó o fi ìka rìn yí ká etí rẹ̀ nínú, níbi tí táyà ń tẹ̀. Wá gbúngbún kan fún mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bó o bá ti lò ó tán, má fi sílẹ̀ sí 33. Ẹ̀rọ tó bá ní ipò ìsinmi, ibẹ̀ ni kó o gbé e sí, kí ọ̀pá má bàa tẹ ojú kan lára táyà tuntun rẹ títí yóò fi jìn.

Ìyá Ìbejì

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí èmi mú ti ohùn kékeré, torí ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi, wo orí apá náà nísàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ rẹ ní ojú méjì, pẹ̀lú ọwọ́ kékeré kan tí a fi ń yí i. Ojú kan wà fún 78, èkejì fún 33 àti 45. Orí ti 78 rí róbótó, láti àárín rẹ̀ dé etí tó nǹkan bíi 0.075 mm, ti àwo 33 alohùn-kan (tí kò pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún) ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ 0.025 mm. Bó o bá fi ti 78 sórí 33, etí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín sójú àwo ni yóò máa rìn, kò ní wọlé débi tí orin wà. Èmi fi ìyẹn ba àwo mẹ́ta jẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun kékeré yẹn ń yí.

Bó bá jẹ́ pé ojú tó tọ́ lo ń lò, a jẹ́ pé ohun tó ń sọ ìmìtìtì abẹ́rẹ́ di iná ló ti kú. Láyé àtijọ́, irú iyọ̀ kan tó dì bíi gíláàsì ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀. Ó ń fa ọ̀rinrin, ooru tó bá sì kọjá nǹkan bí 55°C máa ń pa á. O ní ogún ọdún lórí àjà lábẹ́ òrùlé? Mo kẹ́dùn. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá orí abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ohùn wà lókè. Bó bá dún kúàkúà kíkankíkan, ó yè. Bó bá ṣe bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti lọ. Má ṣe gba ti àwọn tó ń ní kéèyàn fi ìka kan wáyà orí apá kó lè gbọ́ bó ṣe máa kùn. Lára irú ẹ̀rọ tí Bàbá ṣàpèjúwe yìí, èèyàn lè fi ìka yẹn lọ.

Bó bá ti kú, irú rẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́rámíìkì ṣe ni kó o ra. Wíwọ̀n ló máa sọ bóyá ó bá ọ mu: ihò ìdè méjèèjì tí a fi ń dè é mọ́ apá sábà máa ń jìnnà sí ara wọn ní 12.7 mm. Ra ti sítẹ́ríò (olóhùn méjì, òsì àti ọ̀tún), kó o so ohùn òsì àti ti ọ̀tún pọ̀ sí wáyà kan, bí ẹ̀rọ rẹ tilẹ̀ jẹ́ alohùn-kan. Láti 1958 ni àwo sítẹ́ríò ti wà lọ́jà, abẹ́rẹ́ inú ihò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè lọ sókè sódò. Ti alohùn-kan àtijọ́ le gbagidi, ńṣe ló ń họ wọ́n. Apá náà wúwo pẹ̀lú, nítorí náà má fi àwo tí o kò lè rí òmíràn rà sí i.

Àpótí-Orin

Ẹ̀yin òbí mi, mo ti padà dé.

Gbì: mo fi ìka rìn yí ká inú ìtẹ́ àwo bí Bàbá ṣe wí. Ìgbà àkọ́kọ́ n kò rí nǹkan. Ìgbà kejì, èékánná mi kọ́ ohun kan tó kéré bí ẹyin iná orí. Èérún táyà àtijọ́ ni, ó ti yọ́ mọ́ irin, ó sì dúdú bí irin náà gan-an, ìdí tí ojú mi fi fò ó nìyẹn nígbà tí mo ń nu gíríìsì. Mo fi sípíríìtì rẹ ẹ́, mo fi igi ìtayín họ ọ́. Gbì ti lọ.

Ohùn: Ìyá Ìbejì, ojú tó tọ́ ni abẹ́rẹ́ wà, iyọ̀ yẹn ló ti kú. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti di ẹ̀tù. Mo ti fi ti sẹ́rámíìkì sí i. Ohùn rẹ̀ kò pariwo tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ èémí ẹni tó ń kọrin. Ọ̀rẹ́ mi onítẹlifíṣọ̀n bá mi pààrọ̀ kàpásítọ̀ mẹ́rin, ìkùn kan tí mo tún ń gbọ́ lábẹ́ orin náà dákẹ́.

Ínfátà dé lánàá. Mo lẹ pépà, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ oníbírò, mo kà á: 100. Mo tún kà á: 100. Ẹ́ńjìnnì kàn lọ́wọ́ọ́rọ́ ni. Obìnrin náà ti padà di obìnrin.

Mo pe àbúrò ìyá mi lórí fóònù, mo gbé e sún mọ́ sípíkà kí wọ́n gbọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, «Ta ló tún un ṣe? Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e dé ilé ló ti ń fà. Mo rò pé ọkọ̀ òkun ló gbọ̀n ọ́n bàjẹ́, mo bá gbé e sórí àjà.»

Bàbá Abẹ́rẹ́

Kí wọn o. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún gbé aago oníná kan bọ̀ láti ọ̀hún, tó ń fi ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má jù ú nù.